Bí Mo Ṣe Gbé Ológbò Páṣíà láti Ìlọrin wá sí Bẹyẹrúnkà

Bí mo ṣe sálámà ìrun Àsùbáà tán ni mo gbé báàgì kọ́ èjìká, tí mo sì jáde nílé wa ní Bẹyẹrúnkà, n'Ìbàdàn. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa. Ìyàwó ilé kan tó ń gbálẹ̀ kí mi, ó ní ṣé kò sí o, tí mo fi tètè jáde báyìí. Mo ní kò sí, Ìlọrin ni mò ń lọ, mo fẹ́ lọ gbé ológbò. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó rò pé àpárá ni mò ń dá. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín ká ní ẹlòmíì ni wọ́n rán nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sílé. Òwú ni mò ń tà fún àwọn ahunṣọ ní Òjé. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ọkọ mi ti di olóògbé, àwọn ọmọ mi ti tú ká. Ráfátù ni àbígbẹ̀yìn wọn. Ìlọrin lòun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, wọ́n sì ń kó lọ Kánádà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó pè mí pé kí n wá sùn mọ́jú lọ́dọ̀ àwọn kí wọ́n tó lọ, pé ẹnì kan tún wà tóun fẹ́ fi sí ìkáwọ́ mi. Láti ọjọ́ tó ti ṣègbéyàwó ni mo ti ń retí ọmọ-ọmọ lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí náà, nígbà tó ní ẹnì kan, ọkàn mi fò. Mo bi í pé ta ni. Ó ní Púríǹsì ni, ológbò àwọn.

Kì í ṣe pé mi ò mọ ológbò. A ní i ní Bẹyẹrúnkà. Kò sẹ́ni tó rà á, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ lórúkọ, orí páànù ló ń gbé. Ó ń pa eku tó bá wù ú, ó ń jí ẹja tí obìnrin kan bá gbójú kúrò lára rẹ̀. Tó bá ti ké lórí òrùlé, gbogbo agboolé á dákẹ́, oníkálukú á máa ro orúkọ ìyá àgbà kan lọ́kàn, kò sì ní dárúkọ náà jáde. Báyìí la ṣe ń bá ológbò gbé, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ti Ráfátù yìí ni mo kọ́kọ́ gbọ́ pé ó ní dókítà.

Láti Bẹẹrẹ, mo wọ Máíkírà kan lọ sí Òjòó. Níbẹ̀ ni mo ti bá Sìẹ́nà kan tó ń pe Ìlọrin ní ẹgbẹ̀rún méje náírà. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ní èèyàn méje ni kó máa kó. Dírẹ́bà wa, Gàníù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kó mẹ́sàn-án, bóyá torí àwọn tó ṣe é ò tíì dé Òjòó rí. Ọmọlúàbí ni Gàníù, ó kí mi dọ̀bálẹ̀ dé ìdajì. Nígbà tó gbọ́ pé ọjọ́ kejì ni mò ń padà, ó ní òun náà ń bọ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí n má wulẹ̀ wá ọkọ̀ míì.

Ọ̀nà dára títí dé Ọ̀yọ́. Ní Fìdítì, wọ́n ń na ọsàn sí wa lójú fèrèsé. Mo ra mélòó kan tí wọ́n ti bó, wọ́n dùn, omi wọn sì kún aṣọ mi. Láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lojú wa ti rí nǹkan. Kòtò ni ọ̀nà náà, wọ́n kàn fi ọ̀dà díẹ̀ sáàárín wọn fún ọ̀ṣọ́ ni. Àwọn tírélà tò tẹ̀lé ara wọn bí ẹni tó ń lọ gba sàráà, àwa náà sì tò sẹ́yìn wọn. Nígbà tá a dé Ọ̀tẹ̀, àwọn ọmọbìnrin Fúlàní gbé wàrà wá sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, wàrà dídì tó ṣì gbóná. Mo ra díẹ̀, mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú ata gbígbẹ, ara mi sì balẹ̀.

Yorùbá kan náà là ń sọ pẹ̀lú àwọn ará Ìlọrin, ṣùgbọ́n ohùn wọn máa ń gòkè níbi tí tiwa ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ọlọ́kadà tó gbé mi lọ sílé Ráfátù bi mí pé kí ni mo wá ṣe. Mo ní mo wá gbé ológbò. Ó ní, “Ẹ̀ẹ́n, músù lẹ wá gbé.” Músù ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wọn, ẹnu Hausa ni wọ́n ti mú un. Kò bi mí nídìí, ó jọ pé ní Ìlọrin, èèyàn lè ti Ìbàdàn wá gbé músù kó má jẹ́ ìyanu fún ẹnikẹ́ni.

Ráfátù kúnlẹ̀ kí mi, ọkọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, wọ́n mú mi wọ pálọ̀. Ibẹ̀ tutù bí inú fìríìjì. Ìrọ̀rí funfun kan wà nílẹ̀ lórí táìsì, mo ní kí wọ́n gbé e sórí àga kó má baà dọ̀tí. Ìrọ̀rí náà la ojú, ó wò mí, ó sì tún dì í.

Púríǹsì nìyẹn. Irun rẹ̀ gùn, ó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, ó sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò rí ọrùn rẹ̀. Orí rẹ̀ rí roboto, etí rẹ̀ kéré, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, ìrù rẹ̀ sì wú bí ìrùkẹ̀rẹ̀. Ojú méjèèjì pọ́n bíi bàbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dán. Imú ni mo wá títí. Ìgbà tí mo tẹ̀ síwájú ni mo rí i, ó rún mọ́ àárín ojú méjèèjì, bí ìgbà tí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọlé. Mo ní ta ló gbá a lójú. Ráfátù ní ẹwà rẹ̀ nìyẹn, pé àwọn òyìnbó ló ń mú akọ àti abo tí imú wọn kúrú jù lọ gun ara wọn láti ìran dé ìran, títí imú fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo dúpẹ́ pé Bẹyẹrúnkà ni wọ́n bí mi sí.

Ológbò Páṣíà ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Páṣíà ni orúkọ àtijọ́ tí ilẹ̀ Iráànì ń jẹ́, ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí Púríǹsì sí, kò dé Iráànì rí. Síbẹ̀ ó ní ìwé ìran. Wọ́n kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sínú rẹ̀, ti ìyá rẹ̀, ti bàbá bàbá rẹ̀ títí dé ìran kẹrin. Èmi tí wọ́n bí ní agboolé àwọn jagunjagun, tí wọ́n bá bi mí léèrè bàbá bàbá bàbá mi, mo ní láti lọ jí àgbà kan lójú oorun. Mo wá sọ fún Ráfátù pé ohun kan ló bà mí lẹ́rù. Ìbàdàn ni mò ń gbé e lọ, a kì í sì í jọba níbẹ̀ torí pé bàbá ẹni jọba. Ìdí àkàbà ni gbogbo wa ti ń gun òkè. Kí ni Púríǹsì fẹ́ fi oyè ọmọ ọba ṣe lọ́dọ̀ wa?

Mo bi í nípa ìwà. Ó ní ìwà rẹ̀ tutù jọjọ, kì í fò lórí àga, kì í gun aṣọ fèrèsé, kì í ha èèyàn, ohùn rẹ̀ kì í ju ti òròmọdìẹ lọ. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni alángbá kan ń rìn kọjá lára ògiri ìta. Púríǹsì wò ó láti ojú fèrèsé, ó sì yí ojú kúrò bí ẹni tó rí onígbèsè tí kò fẹ́ dójú tì.

Mo ní, “Eku ńkọ́?”

Ó ní, “Màmá, kì í pa eku.”

“Kí ló wá ń ṣe?”

“Ó ń bá èèyàn gbé ni.”

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àìlera rẹ̀ dé. Bí imú ṣe kúrú, ọ̀nà tí omi ojú ń gbà ti wọ́, nítorí náà omijé ń dà lójú rẹ̀ tọ̀sán tòru. Èèyàn gbọ́dọ̀ fi òwú àti omi lọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún láàárọ̀ àti lálẹ́. Irun rẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yà á, tí wọn ò bá yà á, á lọ́ mọ́ra, á sì máa fa awọ ara rẹ̀ ya. Irú wọn máa ń ní àìsàn kíndìnrín, omi tó mọ́ gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀ nígbà gbogbo. Eyín wọn kò tò dáadáa. Èyí tó le jù ni ooru. Tí ooru bá mú un, kò lè mí, tí kò bá sì lè mí, kì í pẹ́ kú. Mo ní kí ló dé tí wọn ò gbé e lọ Kánádà, níbi tí òtútù wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkọ rẹ̀ ló dáhùn. Ó ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú tí wọ́n bá lọ kì í gba ẹran tí imú rẹ̀ pẹlẹbẹ, kó má baà kú sójú ọ̀run.

Mo fọwọ́ kan imú tèmi. Imú náà pé, ó gùn, ó ń mí dáadáa. Kò sẹ́ni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un.

Èmi ni mo bi í nígbà tá à ń jẹun pé ọjọ́ wo ni wọ́n ń padà. Ráfátù wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ wo abọ́. Ó ní àwọn á máa wá kí mi. Èèyàn tó bá ń padà wálé kì í wá kí èèyàn, ó ń dé ni. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́, torí mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti mọ ibi tí òwe náà ń lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó to ẹrù Púríǹsì síta: oúnjẹ tí àpò rẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n náírà, ìyarun oríṣi méjì, òwú, àwo omi, àti àgò oníke tí wọ́n ń gbé e sí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ àgò náà, ó ń sunkún. Mo wo ẹni tó ń sunkún sí. Èmi ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ méjì, ológbò ló kọjú sí. Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Lẹ́yìn náà ni òun àti ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀ síwájú mi, ó ní, “Màmá, ẹ wúre fún wa.”

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ọmọ kì í jáde lọ àjò láìgba àdúrà lẹ́nu ìyá. Ohun tí ọmọ ń dì mọ́ra ṣáájú ẹrù nìyẹn. Nígbà tó ń lọ sílé ọkọ ní Ìlọrin tí ò jìnnà, mo gbé ọwọ́ lé e lórí títí ọwọ́ fi ro mí. Kánádà ló ń lọ yìí o. Mo ní kí wọ́n dìde, pé tí wọ́n bá dé pápákọ̀ òfúrufú kí wọ́n pè mí, mo gbé àgò, mo sì jáde. Ráfátù ò dìde títí ọlọ́kadà fi gbé mi lọ.

Gàníù ti ń dúró ní gáréèjì. Ó wo àgò, mo sọ orúkọ rẹ̀ fún un, ó ní bí ọmọ ọba bá máa jókòó lórí àga, owó èèyàn kan ni. Mo gbé e lé itan. Obìnrin kan jókòó tì mí, Bíbélì ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kí mi dáadáa, ó sì fún mi ní ẹ̀pà. Àlàáfíà la wà títí ó fi wo inú àgò. Ó rí omijé tó ń dà lójú Púríǹsì. Ó rọra gba ẹ̀pà tó kù padà.

Ó ní, “Màmá, ẹran yìí ń sunkún bí èèyàn. Ta ló fún yín?”

Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní ibo lọmọ náà wà. Mo ní ó ń lọ Kánádà. Ó mi orí, ó ní áà, ó ti yé òun, wọ́n ti fi ògo ọmọ náà pa mọ́ sára ológbò, ògo náà ló ń sunkún pé òun ò fẹ́ lọ. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ imú fún un. Mo sọ fún un pé lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí, ológbò ò ba àlùwàlá jẹ́, kò sí ohun tí ń bẹ lára rẹ̀. Ó ní èmi ò lè mọ̀, èmi ni ìyá, ìyá ló máa ń gbẹ̀yìn mọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù, torí ìdajì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́.

A kọjá Ògbómọ̀ṣọ́, a bọ́ sínú kòtò. Bí ọkọ̀ ṣe ń wọ́ ni ẹ́ńjìnnì ń gbóná, Gàníù sì pa éèsì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tàn án. Ó ní tóun bá tàn án, gbogbo wa la máa ti ọkọ̀ dé Ọ̀yọ́. Wọ́n ṣí fèrèsé, eruku wọlé. Kò pẹ́, Púríǹsì la ẹnu, ahọ́n rẹ̀ yọ jáde, ikùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Obìnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, ó ń dè é, ó ń tú u. Àwọn tó wà lẹ́yìn ní kí n gbé e jù sígbó kó má kó bá wọn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà kún inú ọkọ̀ yẹn, orí Púríǹsì sì wọ́ lójú gbogbo wọn.

Mo ní kí Gàníù dúró. Inú wọn dùn, wọ́n rò pé mo fẹ́ sọ ọ́ nù ni. Èmi àti àgò la jọ sọ̀ kalẹ̀. Gàníù sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé mi, ó bẹ̀ mí pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹran lásán ni. Mo ní kó máa lọ. Ó gbé ẹrù mi sílẹ̀ lábẹ́ igi kajú kan, ojú ti í, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ́bìnrin kan wà lábẹ́ igi náà, ó pọn ọmọ, ó ń ta omi inú ọ̀rá látinú kúlà. Mo ra omi tó tutù, mo tú ìborùn mi, mo rẹ ẹ́, mo fi wé ikùn Púríǹsì àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gbé e lé itan, mo ń fẹ́ ẹ pẹ̀lú páálí. Ojú rẹ̀ ti ń yí. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù gidi. Kí ni mo fẹ́ sọ fún Ráfátù? Pé ohun kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ nílé fún mi, ó kú sọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tó gbé e fún mi?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Mi ò ro ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹnu mi kàn ń lọ ni. Mo ní, “Ilẹ̀ tó o bá tẹ̀ á gbà ọ́. Àwọn tí ò mọ̀ ọ́ rí á ṣe ọ́ lóore. O ò ní ṣàìsàn níbi tí kò ti sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ. Òtútù ò ní pa ọ́. Òtútù ibẹ̀ ò ní wọ egungun rẹ.”

Olómi náà wò mí, ó fara balẹ̀ bi mí pé, “Ẹ̀yin Màmá, òtútù kẹ̀? Ṣebí ooru ló ń mú un.”

Ọwọ́ mi dúró lórí páálí. Òótọ́ ló sọ. Nínú oòrùn tó lè yan àgbàdo, mò ń bẹ Ọlọ́run kí òtútù má pa ológbò. Mo fi etí ìborùn bo ojú, mo sunkún bí mi ò ṣe sunkún ní Ìlọrin. Ọ̀dọ́bìnrin náà bá mi gba páálí náà, ó sì ń fẹ́ àwa méjèèjì.

Nígbà tó yá, Púríǹsì pa ẹnu dé. Ó lá omi díẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó wo ìborùn tútù tó wà lára rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n wọ aṣọ òṣì fún, mo sì mọ̀ pé ó ti ń yè.

A dúró kí oòrùn rọlẹ̀. Ọkọ̀ tó kó iṣu lọ Bódìjà gbé wa, dírẹ́bà rẹ̀ fi wá síwájú, kò ní éèsì ṣùgbọ́n atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ wà. Ó ní kí ló wà nínú àgò. Mo ní ọmọ ọba Páṣíà ni. Ó ní ṣé wọ́n lé e kúrò nílùú ni. Ìyẹn nìkan ló pa mí lẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà gbogbo.

Kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gáríbì, a ti dé Bẹyẹrúnkà. Mọgajì wa, bàbá tó jẹ́ olórí agboolé, jókòó níwájú ilé. Èèyàn kì í mú àlejò wọlé láìfi hàn án, nítorí náà mo gbé àgò síwájú rẹ̀. Ó yọ awò ojú, ó wò ó. Ó ní, “Ọmọ ta ni?” Mo ka ìwé ìran fún un láti orí bàbá dé ìran kẹrin. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi kà á tán. Ó ní Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì, kó máa wọlé, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé tó bá ń wá oyè, ẹ̀yìn gbogbo wa ló máa tò sí. Eku kan gba iwájú wa kọjá bó ṣe ń sọ ọ́. Púríǹsì wò ó lọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò pọ̀. Ó kọ́ mi pé kí èèyàn má gbé ẹran tí kò nímú wọ ọkọ̀ tí kò ní éèsì. Ó kọ́ mi pé yíya irun ológbò Páṣíà kò yàtọ̀ sí títú òwú tó lọ́, ìdí ni èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í fà á látòkè. Èyí tó kù, ojú ń ti àgbàlagbà bíi tèmi láti sọ ọ́. Mo bínú sí ọmọ mi, mo wá gbé àdúrà rẹ̀ fún ẹran lábẹ́ igi kajú.

Mo pe Ráfátù. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ní, “Màmá, Púríǹsì ńkọ́? Ṣé ó ń mí dáadáa?”

Mo ní, “Ó ń mí. Ọkọ rẹ dà?”

Ó ní ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Mo ní, “Ẹ kúnlẹ̀.”

Mo gbọ́ tí ó gbé fóònù sílẹ̀, mo gbọ́ ìró orúnkún wọn lórí táìsì, lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi èémí wọn. Mo gbé ọwọ́ sókè nínú yàrá mi ní Bẹyẹrúnkà, bí ẹni pé orí rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ látorí òtútù.